Ìdajì Áńtẹ́nà Tí Ojú Kì í Rí: Síso Rédíò CB Mọ́ Ọkọ̀ Onílé

Áńtẹ́nà rédíò CB, rédíò tí ará ìlú fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, kì í ṣe ọ̀pá tó nàró síta lára ọkọ̀ nìkan. Ìdajì áńtẹ́nà ni ọ̀pá yẹn. Ìdajì kejì ni irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn òrùlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ṣáásì tó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ ọ̀pá náà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí: bí rédíò bá ti iná gòkè sínú ọ̀pá, iná tó bá a dọ́gba gbọ́dọ̀ rí ibì kan tàn ká sí lódìkejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìgbì kò ní kúrò lára áńtẹ́nà bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń so áńtẹ́nà mọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ onípáànù irin kì í ronú kan ìdajì kejì yìí, torí pé ọkọ̀ ti gbé e wá láti ilé iṣẹ́. Lára ọkọ̀ onílé, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní motorhome, ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú.

Ọkọ̀ onílé ni mọ́tò tí wọ́n kọ́ ibùsùn, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ sínú rẹ̀, tí ìdílé lè fi ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn láìwọ òtẹ́ẹ̀lì. Rédíò CB sì ti bá irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ mu tipẹ́. Ní 1958 ni FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, ya ààyè tí CB ń lò títí dòní sọ́tọ̀ fún ará ìlú. Ṣánẹ́ẹ̀lì 23 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1977, ó di 40, láti 26.965 títí dé 27.405 mẹgahẹ́ẹ̀sì. Lẹ́yìn ọ̀wọ́ngógó epo 1973, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí ọkọ̀ kankan má sáré ju máìlì 55 lọ ní wákàtí kan, awakọ̀ tírélà ń fi CB ta ara wọn lólobó ibi tí epo wà àti ibi tí ọlọ́pàá lúgọ sí. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń ra tiwọn. Betty Ford, ìyàwó Ààrẹ Gerald Ford, pàápàá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní 1976, First Mama sì lorúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀. Láti 1983, kò sẹ́ni tó ń béèrè láíséǹsì lọ́wọ́ ẹni tó bá ń lò ó. Fóònù ti gba iṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ CB láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n nínú àfonífojì òkè tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé, ohùn awakọ̀ tírélà tó ń sọ lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 19 pé ìjàǹbá ti dínà níwájú ṣì wúlò. Ṣánẹ́ẹ̀lì 9 ni ti ìpè pàjáwìrì.

Agbára tí òfin fún rédíò yìí kò pọ̀: 4 wáàtì péré ní AM. Ẹni tó ní 4 wáàtì kò ní èyí tí yóò fi ṣòfò. Gbogbo ohun tó bá jẹ lára rẹ̀ láàárín rédíò àti afẹ́fẹ́, ọ̀nà jíjìn ni yóò ti hàn.

Ìgbì tó ń gbé ohùn lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 19 ń mì nígbà mílíọ̀nù 27 ó lé díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi iye yẹn pín ìyára ìmọ́lẹ̀, gígùn ìgbì kan á jẹ́ nǹkan bíi mítà 11. Áńtẹ́nà tó rọrùn jù láti gbé sórí ọkọ̀ ni èyí tó gùn tó ìdámẹ́rin ìgbì, tó jẹ́ mítà 2.7 sí 2.8. Ọ̀pá gígùn tí àwọn oní-CB fẹ́ràn jù, ti ínṣì 102, jẹ́ mítà 2.59, síríńgì tí wọ́n fi sí ìdí rẹ̀ ló ń fi díẹ̀ kún un. Ọ̀pá tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kì í rọrùn gbé kiri, ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ lọ́jà fi jẹ́ kúkúrú, tó jẹ́ mítà kan tàbí kó lé díẹ̀, tí wọ́n wé wáyà bàbà mọ́ ìdí tàbí mọ́ ara rẹ̀ kí iná lè máa ṣe bí ẹni pé ó gùn. Bí ọ̀pá bá sì ti ń kúrú sí i ni ẹ́ẹ̀tì tí kò dára ń gbọ́n agbára rẹ̀ gbẹ sí i, torí pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọ̀pá kúkúrú ń rí tú jáde, ìyókù á sì máa yọ́ dànù sínú ìdajì kejì tí kò pé.

Ẹ́ẹ̀tì tí à ń wí yìí ni orúkọ tí àwọn rẹ́wáyà ń pe irin ọkọ̀ tí orí òdì bátìrì so mọ́. Ohun méjì ló wà lábẹ́ orúkọ yẹn, àìmọ̀yàtọ̀ wọn ló sì ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ẹ́ẹ̀tì iná bátìrì wà, ẹ́ẹ̀tì iná rédíò sì wà. Ọkọ̀ onílé kì í ṣàìní ti àkọ́kọ́. Ti èkejì ló ń wọ́n ọn.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọkọ̀ náà ló fà á. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ onílé ńlá máa ń ra ṣáásì pẹ̀lú ẹńjìnnì àti táyà lọ́wọ́ àwọn bíi Ford tàbí Freightliner, á wá kọ́ ilé lé e lórí. Igi tàbí páìpù alumíníọ̀mù ni egungun ògiri, fọ́ọ̀mù ni wọ́n kì sáàárín rẹ̀, fáíbà ni wọ́n fi bò ó lóde, rọ́bà tàbí fáíbà ló sì wà lókè. Ó fúyẹ́, ìta rẹ̀ kì í dípẹtà, omi kì í sì í jẹ ẹ́. Lójú ìgbì rédíò, ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ tó gùn tó mítà 10 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀: ṣáásì irin kan ló wà nísàlẹ̀, lókè rẹ̀ ni irin ẹ̀rọ amúlétutù, fìríìjì, páìpù gáàsì àti wáyà oríṣiríṣi wà káàkiri láìsí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ọkọ̀ onílé ti GMC, tó jáde láti 1973 sí 1978, àkókò gan-an tí CB gbòde kan, jẹ́ àdàlù fáíbà àti alumíníọ̀mù; ẹni tó bá so áńtẹ́nà mọ́ apá tó jẹ́ fáíbà rí wàhálà, ẹni tó so tirẹ̀ mọ́ alumíníọ̀mù rí ìtura díẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ onílé ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kékeré tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì onípáànù irin ṣe kò ní ìṣòro kankan; áńtẹ́nà olóòfà tí wọ́n kàn gbé lé àárín òrùlé wọn á ṣiṣẹ́ dáadáa. Òòfà náà kò tilẹ̀ nílò kó kan irin tí kò lọ́dà, torí pé irin abẹ́ rẹ̀ àti páànù òrùlé súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí iná rédíò fi ń gba inú ọ̀dà kọjá. Ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù náà dára, bí òòfà kò tilẹ̀ ní mú un. Bóòtù ni wọ́n á fi dè é. Lórí fáíbà, òòfà kò rí nǹkan mú, ìgbì kò sì rí nǹkan tẹ̀ sí.

Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá kàn ra áńtẹ́nà tí awakọ̀ tírélà ń lò, tó so ó mọ́ àkàbà ẹ̀yìn ọkọ̀ onílé, tó sì fa kébù rẹ̀ wọ iwájú? Iná rédíò yóò wá ìdajì kejì tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tó súnmọ́ ọn jù ni wáyà híhun tó bo kébù náà lára, ibẹ̀ ló sì máa gbà padà wá sínú ọkọ̀. Kébù tó yẹ kó kàn jẹ́ ọ̀nà á wá di apá kan áńtẹ́nà. Àwọn àmì rẹ̀ rọrùn láti dá mọ̀: ohùn á máa dàrú nígbà tí wọ́n bá tẹ máìkì, iná inú ilé lè máa ṣẹ́jú, ariwo ẹńjìnnì àti ti ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì lágbára á rọ́ wọnú rédíò. Èyí tó dájú jù nínú wọn ni pé iye tí ẹ̀rọ ìwọ̀n ń kà á yí padà bí ẹnì kan bá di kébù mú lọ́wọ́ tàbí tó sún un sí ibòmíràn. Kébù tó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìkan kò bìkítà ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀rọ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò ni ti SWR. Àárín rédíò àti áńtẹ́nà ni wọ́n ń fi í sí, ó sì ń sọ bí agbára tó ń lọ ṣe tó sí èyí tí áńtẹ́nà dá padà. Bí SWR bá jẹ́ 1.5, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ló ń padà, ìyẹn kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ pàdánù oorun. Bó bá jẹ́ 2, ó ń lọ sí ìdá 11. Bó bá di 3, ìdá 25 ti padà, ìyẹn wáàtì kan gbáko nínú mẹ́rin, rédíò sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá rí 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Kó tẹ máìkì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti fi wọ̀n ọ́n, kó sì fi í sílẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ẹ̀rọ náà ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n á wọ̀n ọ́n lórí ṣánẹ́ẹ̀lì 1, lórí 19 tàbí 20, àti lórí 40. Bó bá ga lórí 1 ju ti 40 lọ, áńtẹ́nà ti kúrú jù. Bó bá ga lórí 40 ju ti 1 lọ, ó gùn jù. Ṣùgbọ́n bó bá ga níbi gbogbo, tó jẹ́ 3 lókè, 3 nísàlẹ̀, tí gígùn tàbí kíkúrú ọ̀pá kò sì yí i padà, ẹ̀bi kì í ṣe ti ọ̀pá mọ́. Ó lè jẹ́ pé kébù ti já tàbí pé irin inú rẹ̀ ti kan ti ìta níbi tí wọ́n ti dì í; lára ọkọ̀ onílé, ó ṣeé ṣe jù kó jẹ́ ẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọ̀pá ló ti di gígé mọ́lẹ̀ lásán nítorí àìmọ ìyàtọ̀ yìí. Ọ̀pá tí wọ́n bá sì ti gé kò ṣeé lẹ̀ padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó jù nìyí. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dára máa ń ra wáyà, á fà á láti ìdí áńtẹ́nà lórí òrùlé lọ sí ṣáásì, á fi tẹ́sítà wọ̀n ọ́n, tẹ́sítà á sì ké pé ó dé. Kò sí irọ́ nínú ohun tí tẹ́sítà sọ. Mítà kan wáyà bàbà bẹ́ẹ̀ kò dí iná bátìrì lọ́wọ́ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá óòmù kan. Ṣùgbọ́n SWR kò ní kúrò lójú kan, nítorí pé iná rédíò kì í rìn bí iná bátìrì.

Iná bátìrì ń lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, gbogbo inú wáyà ló sì ń gbà. Iná rédíò ń lọ ó ń bọ̀ nígbà mílíọ̀nù 27 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ara wáyà lóde nìkan ló sì ń gbà; nínú bàbà, kò wọlé ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rin mìlímítà lọ. Yàtọ̀ sí èyí, gbogbo wáyà tó bá gùn ń ta ko ìyípadà iná, bó ti wù kó mọ. Mítà kan wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lè dí iná CB lọ́nà ju bí 150 óòmù lọ, nígbà tí gbogbo ètò kébù àti rédíò ń retí 50. Ìdí nìyẹn tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn kò fi wúlò, tí bẹ́líìtì bàbà híhun tó fẹ̀, tó sì kúrú, fi ń ṣe iṣẹ́ tí wáyà kò lè ṣe.

Ó tún ku èyí tó yani lẹ́nu jù. Ká ní wáyà tí wọ́n fà wálẹ̀ yẹn gùn tó mítà 2.7, bẹ́ẹ̀ sì ni òrùlé ọkọ̀ onílé ṣe jìnnà sí ṣáásì tó bí wọ́n bá fà á gba inú ògiri. Wáyà yẹn ti di ìdámẹ́rin ìgbì. Ìwà wáyà ìdámẹ́rin ìgbì sì ni pé ohun tó bá wà lópin rẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ló máa fi hàn níbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá dè é mọ́ ṣáásì gírígírí nísàlẹ̀, ìdí áńtẹ́nà á rí i bí ẹni pé wọ́n gé e sọnù. Lọ́nà kan náà, wáyà mítà 2.7 tí kò kan nǹkankan lópin rẹ̀, tó kàn nà sórí òrùlé lásán, ni ìdí áńtẹ́nà máa rí bí ẹ́ẹ̀tì tó dára. Tẹ́sítà á ní ti àkọ́kọ́ dé, á ní ti èkejì kò dé ibì kankan; lójú rédíò, òdìkejì gan-an ni. Ẹni tí èyí bá yé, gbogbo àtúnṣe tó kù kò ní le fún un.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni kí wọ́n gbé ìdí áńtẹ́nà lọ bá irin dípò kí wọ́n máa fa irin wá bá a. Ìdí bọ́ńpà ẹ̀yìn, tàbí irin tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀ kékeré tẹ̀lé ọkọ̀ ńlá, wà lára ṣáásì tààrà. Ọ̀pá gígùn ínṣì 102 ló yẹ irú ibẹ̀, torí pé orí rẹ̀ á dúró ní nǹkan bíi mítà 3 sílẹ̀, kò ní ju òrùlé lọ. Fáíbà kì í dí ìgbì lọ́wọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n fìríìjì àti irin inú ògiri á jẹ díẹ̀ níbẹ̀; ọ̀rọ̀ á máa jáde sí ẹ̀gbẹ́ kan ju òmíràn lọ. Àbùkù yẹn ṣeé fara dà. Ọ̀dà ni kí wọ́n há kúrò níbi tí irin bá ti pàdé irin títí tí yóò fi dán, kí wọ́n dè é pẹ̀lú bóòtù àti wọ́ṣà eléyín, kí wọ́n sì fi gírísì bò ó kó má baà dípẹtà.

Àkàbà ẹ̀yìn ni àwọn ènìyàn ń sáré lọ bá jù, òun náà ló ń tàn wọ́n jù. Páìpù alumíníọ̀mù ni, ó jọ irin tó dára, ṣùgbọ́n ara ògiri fáíbà ni wọ́n dè é mọ́, kò bá ṣáásì mọ̀ rárá. Bí ẹnì kan bá fẹ́ lò ó dandan, kó fi bẹ́líìtì bàbà híhun tó fẹ̀, tó sì kúrú bó bá ti lè kúrú tó, so ìsàlẹ̀ àkàbà mọ́ ṣáásì. Á ran ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Kì í fi gbogbo ìgbà tó, torí pé àkàbà fúnra rẹ̀ ti gùn tó mítà 2 láàárín áńtẹ́nà àti ẹ́ẹ̀tì tó ń wá.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n ṣe ilẹ̀ àtọwọ́dá, tó máa dúró fún ìdajì kejì, sórí òrùlé. Wáyà mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó ìdámẹ́rin ìgbì, ni wọ́n máa fi tàn ká láti ìdí áńtẹ́nà, orí wọn kejì kò sì ní kan ohunkóhun. Fífẹ̀ ọkọ̀ kò jẹ́ kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nà bó ṣe yẹ. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí ọkọ̀ fẹ̀ ju ínṣì 102 lọ, iye kan náà pẹ̀lú gígùn ọ̀pá CB, àfi bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀. Ẹni tó bá gbé áńtẹ́nà sí àárín òrùlé á na méjì síwájú àti sẹ́yìn, á tẹ méjì tó kù kọ́rọ̀ níbi etí òrùlé. Kí wọ́n gé wọn gùn díẹ̀ ju iye tí ìṣirò sọ, kí wọ́n máa dín wọn kù bí SWR bá ṣe ń sọ, torí pé rọ́bà àti fáíbà tí wáyà sùn lé máa ń jẹ́ kó ṣe bí èyí tó gùn ju bó ṣe wà lọ. Etí wáyà wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà nínú rọ́bà: ibẹ̀ ni fóòtì ti ń ga jù nígbà tí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì gun òrùlé lásìkò náà lè fọwọ́ jóná níbẹ̀.

Dípò wáyà, wọ́n lè lo páànù alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ, nẹ́ẹ̀tì bàbà, tàbí téèpù alumíníọ̀mù tó fẹ̀ lábẹ́ òrùlé, bí wọ́n bá ń tún òrùlé náà ṣe lọ́wọ́. Bó bá ti fẹ̀ tó ló dára tó. Páànù tí kò ju àwo ìjẹun lọ, irú èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ òrùlé kí òòfà kàn lè rí nǹkan dì mú, kì í ṣe ilẹ̀ àtọwọ́dá. Ìjókòó lásán ló jẹ́ fún áńtẹ́nà.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ́tò fáíbà ń gbà níkẹyìn, ìyẹn áńtẹ́nà tí wọ́n ṣe láìgbójú lé irin ọkọ̀. Àwọn tó ń so CB mọ́ ọkọ̀ ojú omi fáíbà náà ń lò ó, torí pé ìṣòro kan náà ló bá àwọn méjèèjì. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní jẹ́ ìdajì ìgbì odindi tí wọ́n fi kọ́ìlì kì sínú ọ̀pá kan, tó fi jẹ́ pé inú ọ̀pá náà ni ìdajì kejì wà. Èkejì ń lo kébù tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdajì kejì, ní ìlànà báyìí, kì í ṣe ní ìjàǹbá bíi ti àkàbà lókè yìí. Wọ́n ti wọn kébù yẹn láti ilé iṣẹ́, ó sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 17 tàbí 18, tó jẹ́ mítà 5 ó lé díẹ̀. Ẹni tó bá gé e nítorí pé ó gùn jù fún ọkọ̀ rẹ̀ ti ba áńtẹ́nà jẹ́. Ẹni tó bá fi kébù ọjà pààrọ̀ rẹ̀ náà ti bà á jẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù kì í ṣe ohun à ń ká roboto sábẹ́ àga; kí wọ́n ṣẹ́ ẹ léraléra ní gbọọrọ, kí apá kan má fún mọ́ èkejì. Ìdí irú áńtẹ́nà yìí kò sì gbọdọ̀ kan ṣáásì. Bó bá kàn án, SWR rẹ̀ á ga, torí pé wọ́n ti fún un ní ìdajì mìíràn tí kò béèrè fún. Gbogbo ìgbà ni àwọn ènìyàn ń ṣe àṣìṣe yìí: wọ́n á ra áńtẹ́nà tí kò fẹ́ ẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tún fún un ní ẹ́ẹ̀tì kó lè dára sí i.

Ọ̀pá méjì lára dígí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, bí awakọ̀ tírélà ṣe ń ṣe, jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán níbí. Ó yẹ kí méjèèjì jìnnà síra tó ìdámẹ́rin ìgbì kí àǹfààní rẹ̀ tó hàn, agbára káká sì ni ọkọ̀ fi fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Apá dígí ọkọ̀ onílé kì í sábà kan irin, nítorí náà ìṣòro ẹ́ẹ̀tì kan á di méjì.

Ihò lílu lórí òrùlé gba sùúrù. Omi tó bá gba ibẹ̀ wọlé á jẹ igi inú ògiri fún oṣù púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i, àtúnṣe rẹ̀ á sì ju owó rédíò lọ nílọ́po-nílọ́po. Kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún òrùlé ọkọ̀ onílé dí i yíká, kí wọ́n sì jẹ́ kí kébù tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé, kí òjò lè kán síta. Kí wọ́n tó lu ihò, kí wọ́n mọ ibi tí wáyà iná àti páìpù gáàsì gbà kọjá. Gíga ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ onílé ńlá sábà máa ń ga ju mítà 3.5 lọ; lórí òpópónà Interstate ti Amẹ́ríkà láàárín ìlú, àlàfo abẹ́ afárá lè má ju ẹsẹ̀ bàtà 14 lọ, ìyẹn mítà 4.3. Ọ̀pá mítà kan lórí òrùlé bẹ́ẹ̀ á máa gbá afárá. Síríńgì ìdí rẹ̀ tàbí irin tó ṣeé tẹ̀ sílẹ̀ ló ń gbà á là, bí awakọ̀ bá rántí tẹ̀ ẹ́. Wáyà iná tó kọjá lókè ní ibùdó ìpàgọ́ léwu ju afárá lọ. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀pá dúró, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti lọ sókè.

Rédíò fúnra rẹ̀ ń fẹ́ iná bátìrì tó mọ́. Wáyà méjèèjì, ti orí òdì àti ti orí pósítíìfù, ni kó lọ bá bátìrì ẹńjìnnì tààrà, kí fíúsì sì wà nítòsí bátìrì. Bátìrì ilé, tó ń gbé iná yàrá àti fáànù balùwẹ̀, máa ń ru ariwo ẹ̀rọ tó ń fún un lágbára wá. Wáyà ẹ́ẹ̀tì tó wà lára pílọ́ọ̀gì tí wọ́n fi ń gba iná ní ibùdó ìpàgọ́ kò ní iṣẹ́ kankan láti bá áńtẹ́nà ṣe. Ààbò lọ́wọ́ iná ilé ni tirẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ wà ní pápá gbalasa, jìnnà sí ògiri, igi àti ọkọ̀ mìíràn, kí ilẹ̀kùn wà ní títì, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró ti áńtẹ́nà. Wọ́n á wọn ṣánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta tí a ti dárúkọ, wọ́n á fa orí ọ̀pá gùn tàbí dín in kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tún un wọ̀n. Ìgbà tí iye ti 1 àti ti 40 bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba, tí ti àárín sì kéré ju méjèèjì lọ, ni gígùn rẹ̀ pé. Bó bá wà lábẹ́ 2 jákèjádò, iṣẹ́ ti ṣe. Ẹni tó ń lépa 1.0 lára ọkọ̀ fáíbà ń fi àkókò ṣòfò.

Bí iye bá ṣì ń yí padà tí wọ́n bá di kébù mú, tó sì jẹ́ pé áńtẹ́nà náà kì í ṣe irú èyí tó ń lo kébù gẹ́gẹ́ bí ìdajì, iná ṣì ń gba ara kébù padà. Kí wọ́n ká kébù náà ní ìká márùn-ún tàbí mẹ́fà nítòsí ìdí áńtẹ́nà, kó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, kí wọ́n fi téèpù dì í. Iná inú kébù á kọjá láìmọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀, èyí tó ń rìn lára rẹ̀ lóde á rí ìdènà. Òrùka fẹ́ráìtì tí wọ́n bá fi mọ́ kébù ń ṣe iṣẹ́ kan náà níbi tí àyè kò bá sí.

Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n bọ́ sórí ṣánẹ́ẹ̀lì 19, kí wọ́n ní kí ẹni tó bá ń gbọ́ sọ bí ohùn ṣe ń dún. Láàárín ọkọ̀ méjì lójú pópó, máìlì mẹ́ta sí mẹ́wàá ló tọ́ láti retí, bí òkè àti àfonífojì bá ṣe rí. Lọ́dọọdún, àti lẹ́yìn ìgbà òtútù tí wọ́n bá ti da iyọ̀ sójú títì, kí wọ́n tún SWR wọ̀n: bẹ́líìtì bàbà tó wà lábẹ́ ọkọ̀ máa ń jẹrà níbi tó ti pàdé irin ṣáásì, ibẹ̀ sì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò bí iye náà bá ti gòkè.